Bí mo ṣe gbẹ́ bíríìjì igi dúdú fún gìtá archtop ní Ìlọrin

Gìtá archtop tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ gìtá bọ́kìsì tí a ń rí lọ́wọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú rẹ̀ wú sókè bíi ti fáólìnì, ihò méjì tó ní àwòrán lẹ́tà f wà lára rẹ̀, wọn kì í sì í fi gọ́ọ̀mù lẹ bíríìjì rẹ̀, ìyẹn igi kékeré tó gbé okùn sókè lórí ojú gìtá, mọ́ igi. Okùn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìkan ló mú un dúró. Gbogbo ohùn okùn ló gba ẹsẹ̀ bíríìjì yẹn kọjá sínú igi. Bí ẹsẹ̀ náà kò bá jókòó tán, gìtá olówó ńlá á máa dún bí èyí tí wọ́n fi pláíwúùdù ṣe.

Ilé iṣẹ́ Gibson ní Kalamazoo, Amẹ́ríkà, ló gbé gìtá archtop tí wọ́n ń pè ní L-5 jáde ní 1922, lábẹ́ àbójútó Lloyd Loar. John D'Angelico sì ń fọwọ́ gbẹ́ tirẹ̀ ní New York láti 1932 títí tó fi kú ní 1964. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kí a lè gbọ́ gìtá láàárín fèrè àti ìlù láìsí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Freddie Green fi irú gìtá bẹ́ẹ̀ lu kọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ orin jáàsì Count Basie láti 1937 títí di 1987. Ohùn rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kíá, ó sì máa ń kú kíá. Ohùn kọ̀ọ̀kan nínú kọ́ọ̀dù á dá dúró kedere, kò ní dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni bíríìjì tí kò bá ojú igi mu máa ń kọ́kọ́ pa.

Igi spruce ni ojú gìtá tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí, igi maple ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Àárín ìdí bíríìjì rẹ̀ àtijọ́ ti tẹ̀, etí méjèèjì sì ti gbé sókè. Mo yan igi dúdú (ebony) fún tuntun, torí ó le, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn á sì mú ṣáká. Igi tó bá rọ̀, okùn á jẹ ẹ́ wọlé, ohùn á sì rọ̀ tẹ̀lé e. Kí igi náà ti gbẹ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá jáde tútù láti sọ́mìì á sún kì nígbà ọyẹ́, gbogbo wàhálà tí ẹ ti ṣe lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì di asán.

Kí n tó tú okùn kankan, mo lẹ téèpù oníwèé yí ìdí bíríìjì àtijọ́ ká. Tí gbogbo okùn bá ti rọ̀, ó máa ṣubú, ẹ ò sì ní mọ ibi tó wà mọ́. Lẹ́yìn náà mo wọn láti nọ́ọ̀tì, ìyẹn ibi tí okùn ń gbà kọjá nítòsí orí gìtá, dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá: mílímítà 323.85. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 647.7, ìyẹn íǹṣì 25 àti ààbọ̀. Bíríìjì kì í dúró síbẹ̀ gan-an. Ó máa ń lé ní nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3 lọ́dọ̀ okùn tínrín, àti 4 sí 5 lọ́dọ̀ okùn tó nípọn jù.

Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni bíbá ẹsẹ̀ mu. Ẹ ra sáńpépà 80, 120 àti 220 (80 ló gbó jù, 220 ló kúnná jù) lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan fún àwọn tó ń kun mọ́tò. Mo lẹ 80 mọ́ ojú gìtá níbi tí bíríìjì máa dúró, ojú tó ń họ nǹkan sókè, ẹ̀yìn bébà sí ara fáníìṣì. Mo wá ń fa ìdí bíríìjì síwájú sẹ́yìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ní ọ̀nà tí okùn ń gbà. Ibi tí ọ̀pá irin méjèèjì tó gbé òkè bíríìjì dúró ti wọ inú ìdí rẹ̀ ni mo ń tẹ̀, torí ibẹ̀ ni okùn á ti máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń tẹ àárín, ẹsẹ̀ á bá ojú igi mu lọ́wọ́ yín, ó sì máa gbé etí sókè ní gbàrà tí okùn bá ti le. Ẹ má jẹ́ kó máa mì, torí etí rẹ̀ á di róbótó.

Igi náà dúdú, nítorí náà bébà kábọ̀n kò wúlò láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni mo fi kun abẹ́ ẹsẹ̀, mo fà á lórí sáńpépà lẹ́ẹ̀kan, mo yí i pa dà. Níbi tí funfun ṣì wà, kò tíì kan igi. Nígbà tí funfun bá ń parẹ́ kárí, ẹ bọ́ sí 120, kí ẹ sì fi 220 parí rẹ̀, ní fífà sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bébà rìsíìtì tín-ínrín kò gbọdọ̀ wọlé lábẹ́ rẹ̀ níbikíbi.

Ojú ihò okùn lórí bíríìjì kò gbọdọ̀ jìn ju ìdajì ìnípọn okùn lọ, kó sì tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ìrù gìtá, ìyẹn ibi tí ìdí okùn so mọ́. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, okùn á máa kùn. Mo fi léèdì pẹ́ńsù pa inú rẹ̀.

Okùn 12 sí 52 (ìnípọn wọn ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì, láti èyí tó tínrín jù dé èyí tó nípọn jù) tí wọ́n wé wáyà pẹlẹbẹ mọ́ ni mo fi sí i. Okùn tó bẹ̀rẹ̀ láti 10 kò lágbára tó láti mi ojú spruce, bíríìjì náà á sì máa yọ̀. Ẹ kíyè sí okùn kẹta: ọ̀pọ̀ bíríìjì archtop ni wọ́n gé fún okùn kẹta tí wọ́n wé. Bí ẹ bá fi èyí tí wọn kò wé síbẹ̀, ohùn rẹ̀ á ga, kò sì sí bí ẹ ṣe máa sún bíríìjì tí á fi yanjú.

Láti mú ohùn ṣe déédéé, mo lo tuner orí fóònù, ohun tó ń wọn ohùn, láti fi ohùn fèrè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (èyí tó ń dún tí ẹ bá kàn fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́) wé ohùn tí mo tẹ̀ níbẹ̀. Tí èyí tí mo tẹ̀ bá ga jù, mo sún bíríìjì sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ìrù; tó bá wálẹ̀ jù, mo sún un síwájú. Ẹ tú okùn sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó sún un, kó má baà ha fáníìṣì. Mo gbé okùn tó tínrín sí mílímítà 2 lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, tó nípọn sí 2.5.

Bí nǹkan bá ń kùn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ kéékèèké orí ọ̀pá irin bíríìjì, tí a fi ń gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, wò, kí ẹ sì wo síkúrúù tó di pákó ìdáàbòbò mú. Okùn tó wà láàárín bíríìjì àti ìrù náà máa ń kọrin tirẹ̀. Mo fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há a.

Ní Ìlọrin, ọyẹ́ máa ń mú kí ojú spruce gbẹ kó sì rẹlẹ̀, okùn á wá lọ sílẹ̀, á máa gbá fírẹ́ẹ̀tì. Nígbà òjò, ó máa wú, okùn á sì ga. Mo ń fi kẹ̀kẹ́ méjèèjì tún un ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi kànìnkànìn tí mo fún omi inú rẹ̀ dànù sínú ọ̀rá oníhò nínú àpótí gìtá, torí igi tí wọ́n gbẹ́ máa ń là ju ti onípele tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lọ.