Bí mo ṣe túmọ̀ orin Betsy fún Màmá

Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹrin níbí, ní Sacramento, California. Kíláàsì yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìtàn góòlù tí wọ́n rí ní Coloma ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1848, àti ti ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó tìtorí rẹ̀ rọ́ wá síhìn-ín. Ó mú orin kan bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, "Sweet Betsy from Pike", ó ní òun fẹ́ kọ ọ́ fún ìyá àgbà òun n'Íbàdàn lórí fóònù. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí iṣẹ́ ṣe já lé mi lórí nìyẹn.

Orí orúkọ ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Bí mo bá ní "Betsy aládùn", oúnjẹ ni Màmá máa rò. Mo pè é ní Betsy Ọ̀wọ́n. Ti ohùn tún le ju ìyẹn lọ: ibi tí orin ń gòkè, ọ̀rọ̀ wa ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú, bó ṣe máa ń rí nínú àwọn orin ìjọ àtijọ́ kan. Mo bá fi kíkọ sílẹ̀, mo sọ ọ́ di ìtàn, ẹsẹ kan tẹ̀lé ẹsẹ kan.

Betsy bá Ike olólùfẹ́ rẹ̀ gbéra láti Pike ní Missouri. Wọ́n ní màlúù mẹ́rin tí wọ́n so ní méjì méjì, ajá pupa ńlá kan, àkùkọ gàgàrà kan, àti ẹlẹ́dẹ̀ alámì tótòtó. Kò pẹ́ tí àkùkọ fi sá lọ, màlúù kú, wọ́n sì dín ẹran oníyọ̀ wọn tó ṣẹ́kù jẹ. Ike rẹ̀wẹ̀sì, inú bí Betsy, ajá fajú ro. Nígbà tí wọ́n dé aṣálẹ̀, ẹsẹ̀ Betsy kò gbé e mọ́, ó ṣubú, ó ń yí nínú iyanrìn. Ohun tí Ike rí sọ ni pé, "Betsy, dìde, iyanrìn á kó sí ọ lójú."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni John A. Stone, tó tẹ orin náà jáde ní 1858, fẹ́ ká ti rẹ́rìn-ín. Awagóòlù lòun náà, àwọn awagóòlù ló ń kọrin fún. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1850, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní California, obìnrin kò tó mẹ́wàá. Ọkùnrin ń sọ ìyà obìnrin fún ọkùnrin.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé obìnrin yẹn ò lóyún ṣá?" Òun alára gbé oyún àbúrò mi re ọjà títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Mi ò ní èsì. Ẹsẹ mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé ọmọ mi, mo bá wá àwọn tó kù lọ. Mo rí i. Kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn fọ́ láàárín pápá, gbogbo pàǹtí inú rẹ̀ tú síta, aṣọ ọmọ ọwọ́ bíi mélòó kan sì wà lára rẹ̀, tí wọ́n dì dáadáa. Orin ní ó fẹ́ mú ìfura dání, ó ṣẹ́jú, ó kọjá lọ. Èmi ò lè kọjá. Ẹni tó di aṣọ yẹn ti mọ̀ kí ó tó kúrò nílé pé ojú ọ̀nà lòun máa bímọ sí, ó sì lọ.

Ohun tó sún mi dé ọ̀dọ̀ Amelia Stewart Knight nìyẹn. Ó kúrò ní Iowa ní oṣù kẹrin ọdún 1853 pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méje, wọ́n ń lọ Oregon, ó sì ń kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Oyún wà nínú rẹ̀ jálẹ̀ ìrìn oṣù márùn-ún náà, kò dárúkọ rẹ̀. Òjò ló ń kọ, ẹrẹ̀, aṣọ tútù, màlúù tó kú, pé ara òun ò yá. Ọmọ rẹ̀ kan já bọ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́, orí ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣí kúrò ní ibùdó, wọ́n gbàgbé Lucy sẹ́yìn. Àwọn èrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbé e wá bá wọn, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé kò sí láàárín wọn. Ìparí ìwé ló tó sọ pé òun bí ìkẹjọ.

Mo fi èyí ti ẹsẹ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà California jẹ́ nǹkan bí máìlì 2,000, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin sì fi rìn ín, kí ẹrù má baà wúwo fún màlúù. Níbi tí kò sí igi, wọ́n á ṣa ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ dáná. Ní aṣálẹ̀ Nevada, omi korò bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Nígbà tí Betsy dé ìlú Placerville ní California, awagóòlù kan ní kó wá bá òun jó, ó sì fèsì pé òun ti kún fún omi yẹn. Àwàdà ni wọ́n kà á sí, ṣùgbọ́n ó gbé aṣálẹ̀ náà dé ibi ijó nínú ikùn rẹ̀. (Ẹsẹ kan tún wà tó sọ àwọn Indian di ẹhànnà. Mo sọ fún ọmọ mi pé àwọn Shoshone àti Paiute ló ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn gbà kọjá.)

Ní Sátidé a wakọ̀ lọ sí Placerville, kò tó wákàtí kan. Lórí òkè la ti tún pe Màmá. Mo sọ ti aṣọ ọmọ ọwọ́ fún wọn, mo sọ ti Lucy. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Wọ́n padà rí ọmọ yẹn?"

"Wọ́n rí i, Màmá."

Wọ́n ní kí ọmọ mi kọ ẹsẹ aṣọ yẹn fún àwọn. Ó kọ ọ́, jẹ́jẹ́, kò rẹ́rìn-ín.