Bí a ṣe ń fi èsì ìwádìí lé akẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́

Ní Òṣogbo, odò kan náà ni gbogbo wa ń bu sínú ìgò. Ẹni tó mọ̀ nípa àpáta ń wá ohun tí àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ń fọ̀ dà sínú odò Ọ̀ṣun. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹja fẹ́ mọ̀ bóyá mẹ́kúrì ti wọ ẹran ara ẹja. Oníṣègùn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹni tó ń ka igi àti ọ̀bọ sì wà nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Wọ́n á pàdé níbi ìpàdé, wọ́n á ṣèlérí fáìlì fún ara wọn, fáìlì á sì dé lóòótọ́. Ẹni tó gbà á á ṣí i, á wò ó títí, kò ní yé e, á pa á dé, ó parí.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ. Fóldà kan, tábìlì kan nínú fáìlì kan, ìlà kan fún ìgò omi kan tàbí ẹja kan. Ẹ fi ọdún ṣáájú nínú orúkọ fáìlì, bíi 2024-03-17_omi, kí wọ́n lè to ara wọn tẹ̀léra. "Final" àti "final tuntun" kì í ṣe orúkọ. Àwọ̀ pupa tí ẹ fi sàmì sí ìlà tí kò dára ò ní bá yín dé inú fáìlì CSV (tábìlì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, tí àmì kọ́mà pín), nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sínú òpó (column) tirẹ̀. CSV ni mo fara mọ́, torí kọ̀ǹpútà àlòkù pàápàá ń ṣí i, LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì tó o.

Ó wá kan ìwé àlàyé. Ibí yìí ni kí ẹ fìdí kalẹ̀ sí. Ojú ewé kan péré ni, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, tó ń sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Gbogbo èèyàn ló máa ń fò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú òpó kan tí wọ́n kọ "Hg", àmì mẹ́kúrì, sí lórí, tí 0.004 wà lábẹ́ rẹ̀. 0.004 kí ni? Bó bá jẹ́ mílígíráàmù nínú lítà omi kan, kò tíì dé ààlà 0.006 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún omi mímu. Bó bá jẹ́ máíkírógíráàmù, ó fi ìlọ́po 1,000 kéré sí ìyẹn. Àwọn kan á kọ ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù), wọ́n á ní ó yé gbogbo ayé. Kò yé oníṣègùn. Nínú omi, ppm fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílígíráàmù nínú lítà. Nínú iyẹ̀pẹ̀ àti ẹja, mílígíráàmù nínú kílò ni. Kílò tútù àbí gbígbẹ? Omi ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹja tútù, torí náà ẹja kan náà lè fún yín ní iye tó tó ìlọ́po mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá gbẹ ẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ẹja gbígbẹ ti ẹnì kan wé ẹja tútù ti ẹlòmíì, tí ìpayà sì bá gbogbo yàrá.

Omi náà ńkọ́, ṣé ẹ sẹ́ ẹ àbí ẹ ò sẹ́ ẹ? Odò tó ti pọ́n yìí, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ òjé dání. Ẹni tó fi asẹ́ 0.45 máíkírómítà sẹ́ tirẹ̀ á rí díẹ̀, ẹni tí kò sẹ́ á rí púpọ̀, kálukú á sì máa rò pé ẹnì kejì ń purọ́.

Òdo tún ń bẹ níbẹ̀. Òdo, "ẹ̀rọ ò rí i" àti "a ò wọ̀n ọ́n" jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè rí ohun tó kéré sí 0.001, ẹ kọ <0.001. Ibi tí ẹ ò wọ̀n, ẹ fi sílẹ̀ lófo, kí ìwé àlàyé sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rọ òdo sí gbogbo rẹ̀ ti ba ìṣirò jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti ibi tí ẹ ti bu omi, fóònù yín ń lo ìlànà ìdíwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WGS84, àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Minna. Ìyàtọ̀ méjèèjì tó láti gbé ìgò yín kúrò nínú odò lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ kọ èyí tí ẹ lò.

Kí ẹ sì máa ṣọ́ Excel. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì bá tẹ SEPT2 tàbí MARCH1 sínú rẹ̀, ọjọ́ inú oṣù ló ń sọ ọ́ dà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ ní SEPTIN2 àti MARCHF1 ni kí wọ́n máa jẹ́. Ẹ sọ òpó bẹ́ẹ̀ di "Text" kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i.

Tí ẹ bá parí, ẹ gbé e fún ẹni tí kò sí ní ẹ̀ka yín. Bí àpáta ni iṣẹ́ yín, ẹni tó ń ka ọ̀bọ ni kí ẹ wá. Kó kà á sókè níwájú yín, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ìbéèrè yòówù tó bá bi yín, inú ìwé àlàyé ni kí ìdáhùn rẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, àgùnbánirọ̀ tó wà ní ọ́fíìsì á ṣe é.

Kó tó jáde, ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà ti wà láti 2023. Ibi tí ẹranko tó ṣọ̀wọ́n ń gbé náà, ẹ má júwe rẹ̀ fún ọdẹ. Nínú nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà méjì péré sílẹ̀ lẹ́yìn àmì, bíi 7.77, ìyẹn ti fi bí kìlómítà kan bò ó.

Ìyókù rọrùn. Zenodo, ibi ìkófáìlìsí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé ìwádìí CERN ti ilẹ̀ Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní 2013, kì í gba owó, ó sì ń fún fáìlì ní DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹlòmíì lè tọ́ka sí. Bó bá jẹ́ ẹranko àti igi, ẹ gbé e lọ sí GBIF, àkójọ ìsọfúnni àgbáyé nípa ohun ẹlẹ́mìí. Dátà òru ni kí ẹ fi gbé e sókè. Fláàṣì dára fún ẹni tó wà ní Òkè-Fíà nínú Òṣogbo níbí, bí kò bá ti ní fáírọ́ọ̀sì. Tábìlì tí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ẹ má wulẹ̀ fi ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gba ti ẹlòmíì, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan bó ṣe wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Iye tó bá ṣe yín ní kàyéfì, ẹ bi ẹni tó wọ̀n ọ́n kí ẹ tó pa á rẹ́. Ó lè jẹ́ àṣìtẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà ló ti bu omi.