Kọ́kọ́rọ́ olówó ńlá lára ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ lè wó: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé lọ́nà Ìlárá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti wo fídíò kan tí òyìnbó kan ti fi kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ṣí ilẹ̀kùn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gba Kùtọnu lọ, wọ́n ra serrure (àgádágodo inú ilẹ̀kùn) 85,000 sẹ́fà, wọ́n ní kí n wá fi sí i fún wọn. Mo débẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó dún bí ìlù. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, inú rẹ̀ ṣófo.

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó fẹ́ wọ ibí yìí ò nílò kọ́kọ́rọ́ o, ẹsẹ̀ ló nílò."

Inú bí wọn. Inú bí èmi náà, torí ẹni kẹrin nìyẹn láti ìgbà ọyẹ́.

1. Ẹ má ra kọ́kọ́rọ́ ṣáájú ilẹ̀kùn. Àwọn tó kọ́ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu wa, ṣe ilẹ̀kùn kan síta, wọ́n ṣe òmíràn sínú, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí odi ká. Ẹ̀yin ra pákó tí ewúrẹ́ lè kàn fọ́.

2. Irin pẹlẹbẹ ara férémù, tí ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀: ìṣó kúkúrú ni wọ́n fi ń dè é. Ẹ lo ìṣó tí a ń yí wọlé, tó gùn tó 7 sẹ̀ǹtímítà, kó lè wọ inú ògiri.

3. Èyí tó ń dùn mí jù: serrure inú páálí kan náà, tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan ń ṣí èkejì.

Nínú ọ̀pọ̀ serrure, ohun tí Linus Yale Jr. gba ìwé ẹ̀rí lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1861 ló ṣì wà níbẹ̀: ọ̀pá kéékèèké bíi márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, tí sípíríǹgì ń tì wálẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn sókè títí ojú ibi tí wọ́n ti pín á fi dọ́gba, kó tó yí. Olè tó ń fi wáyà tọ inú rẹ̀ ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ki kọ́kọ́rọ́ ayédèrú bọ inú rẹ̀, tó ń gbá a, ń mú kí gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan. Bí ihò wọn bá fẹ̀ jù, tí wọn ò sì gé wọn dáadáa, iṣẹ́ olè ti yá nìyẹn.

Kí ẹ má rò pé mo gbọ́n jù yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ra mẹ́ta nínú páálí kan náà. Mo fi ọ̀kan sílé ara mi, mo ta ọ̀kan fún ìyá kan ládùúgbò. Lóru ọjọ́ kan, mo ti Àjàṣẹ́ dé, n ò rí kọ́kọ́rọ́ mi. Ìyá náà ní, "Jẹ́ ká dán tèmi wò ná." Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ìwọ sì ni oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ àdúgbò wa?" Títí dòní, bí mo bá kí wọn, wọ́n á bèèrè bóyá ilé mi ṣì wà ní títì.

Nítorí náà, níwájú oníṣọ̀ọ́bù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan dán èkejì wò. Á fajú ro. Ẹ jẹ́ kó fà á. Ẹ wá àmì A2P ti ilẹ̀ Faransé lára irin fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára páálí: ìràwọ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú 5 tí ó gbọ́dọ̀ fi kọ̀ fún olè, méjì fún 10, mẹ́ta fún 15. Ẹ bèèrè èyí tí ìbàdí àwọn ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín. Wọ́n máa ń há mọ́ wáyà olè lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Abloy, tó ti Fínlándì wá láti 1907, kò ní sípíríǹgì rárá, kò sóhun tí gbígbá á mú fò. Kọ́kọ́rọ́ gígùn oníyẹ́ méjì tí ẹ ń pè ní ti ará oko náà kò ní ọ̀pá tó ń fò. Àmọ́ torí pé ó jọ ti àwọn bàbá wa, ẹ ò ní rà á.

Canon (irin tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lára serrure) tó yọ síta ju mílímítà 3 lọ: olè á fi ẹ̀mú ṣẹ́ ẹ láàárín, níbi tí ihò ìṣó gbà kọjá.

Òróró. Ẹ jọ̀ọ́, òróró ẹ̀pà kọ́ la fi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ọ́ìlì mọ́tò náà kọ́. Eruku pupa Kétu á dà pọ̀ mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀. Ìyẹ̀fun dúdú inú pẹ́ńsùlù tó.

Ẹ̀yin tó ń fa ilẹ̀kùn pa lásán láìyí kọ́kọ́rọ́, káàdì oníke lásán ń ṣí i.

Bí bíríkìlà àti ọlọ́dà bá ti parí iṣẹ́, ẹ pààrọ̀ canon. Gbogbo wọn ló ti di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú rí.

Bàbá ọ̀nà Ìlárá ti lọ gbé ilẹ̀kùn ìrókò wá. Wọ́n ní kí n wá fi serrure wọn sí i ní Sátidé. Fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ò tíì ní irin.