Bí A Ṣe Lè So Oko Ẹ̀gẹ́ àti Àgbàdo Pọ̀ Mọ́ Sísin Ewúrẹ́ Lórí Éékà Kan

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó wà ní abúlé àti ìletò tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé títí dé Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, ni ilẹ̀ ọwọ́ wọn kò ju éékà kan tàbí méjì lọ. Láyé àwọn baba wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí igbó bò ó, kí ó lè padà lọ́ràá. Àyè bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́, nítorí ilé ti gba ibi tí wọn ìbá sún oko sí. Ohun tí ó kù ni kí á máa kórè púpọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà láìjẹ́ kí ó ṣá, ewúrẹ́ sì wúlò fún èyí ju bí a ti rò lọ, bí a kò bá jẹ́ kí ó máa jẹ̀ kiri.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, nítorí òun ni ó pẹ́ jù kí ó tó wúlò. Agunmaniye, igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gliricidia, pọ̀ káàkiri agbègbè wa. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, kí ó gùn tó mítà kan ààbọ̀, kí ẹ sì rì í mọ́ ẹ̀bá oko yíká nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ múlẹ̀, kí àlàfo ìdajì mítà wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ILCA, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gba àgbẹ̀ níyànjú láti gbin irú igi yìí ní ìlà-ìlà la àárín oko kọjá, kí ewé rẹ̀ lè jẹ́ oúnjẹ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, kí ó sì tún máa bọ́ ilẹ̀. Ìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé rẹ̀ máa ń pọ̀ jù fún ẹni tí kò ní ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ̀bá oko ni kí ẹ gbìn ín sí. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ rántí gé e kẹ́yìn ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kí ewé tuntun tí yóò yọ lè wà lórí igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí èyí tí a kò bá gé yóò wọ́wé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín oko sí méjì. Ní apá kìíní, ẹ kọ ebè gígùn tí ó jìnnà síra ní mítà kan, kí ẹ gbin ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan, kí àgbàdo sì wà láàárín rẹ̀. Àgbàdo yóò ti kúrò nílẹ̀ ní oṣù keje, kí ẹ̀gẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíji bo ilẹ̀. Ní apá kejì, àgbàdo nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn ní sẹ̀ntímítà 75 láàárín ìlà kan sí èkejì àti 50 láàárín ihò kan sí èkejì, hóró méjì nínú ihò kan. Bí ẹ bá kórè rẹ̀ tán, ẹ gbin ẹ̀wà síbẹ̀ láàárín ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án. Gbòǹgbò ẹ̀wà ń fi náítírójìn, èròjà inú afẹ́fẹ́ tí irúgbìn nílò, bọ́ ara rẹ̀, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù fún ohun tí ó bá tẹ̀lé e, ìtàkùn rẹ̀ tí ẹ bá sá gbẹ sì jẹ́ oúnjẹ pàtàkì fún ewúrẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ẹ pààrọ̀ apá méjèèjì.

Ní ti ewúrẹ́, abo mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa ni kí ẹ rà. Oṣù márùn-ún ni ó fi ń lóyún, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Àgbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ lo òbúkọ kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ẹ fi pákó ṣe ilẹ̀ ilé wọn, kí ó ga kúrò nílẹ̀ ní bíi mítà kan, kí àlàfo fífẹ̀ ìka kan wà láàárín pákó kan sí èkejì, kí ìgbẹ́ lè máa já bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ẹ ó ti máa kó o.

Ewúrẹ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò gbọdọ̀ dara pọ̀ mọ́ ti ilé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Èmi gan-an ra òbúkọ kan lọ́jà nígbà kan, mo sì kó o wọ àárín àwọn tí mo ti ń sìn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ikun ń dà nímú wọn, ìgbẹ́ gbuuru mú wọn, mẹ́ta sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. PPR, àrùn tí ń ràn láàárín ewúrẹ́ àti àgùntàn, ni dókítà ẹran pè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un fún gbogbo èyí tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ tí kò wọ́n wa. Ẹ dé ibi tí àwọn ìyá ti ń rin gàrí, ẹ ó rí òkìtì rẹ̀ tí ó ń jẹrà tàbí tí wọ́n ń dáná sun. Májèlé wà nínú èyí tí ó tútù, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, nítorí náà ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi gbẹ kanrangandan. Èyí tí ó bá ti bu, ẹ dà á nù sí òkìtì ajílẹ̀. Lásìkò òjò tí oòrùn kò ṣe é gbójú lé, ẹ lè lo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ tí ó rọ́pò ILCA, gbé jáde ní Ìbàdàn níbí: wọ́n rin èèpo tútù, wọ́n fún omi rẹ̀ jáde bí ẹni ń ṣe gàrí, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì sá a, ó sì ń gbẹ kíákíá. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 tútù ni ó ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Èèpo nìkan kì í mú ewúrẹ́ dàgbà, nítorí ohun tí ń ṣe ara lóore nínú rẹ̀ kò tó. Ewé agunmaniye ni kí ẹ fi kún un. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀, ẹ gé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó rọ, wọn yóò jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe fún adìyẹ tàbí ehoro ní ewé náà jẹ.

Ìgbẹ́ tí ó bọ́ sísàlẹ̀ ilé wọn ni kí ẹ wá fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ tẹ́ pòròpórò àgbàdo tí ẹ ti gé kékeré, ẹ da ìgbẹ́ lé e, ẹ fi koríko tútù àti eérú díẹ̀ lé e, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì tún tò ó bẹ́ẹ̀ títí tí òkìtì yóò fi ga dé àyà. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ, kí ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta yóò ti dúdú, inú rẹ̀ kò ní gbóná mọ́, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ. Éékà kan ń fẹ́ tó tọ́ọ̀nù 2 ajílẹ̀ lọ́dún, ìyẹn bíi àpò 40 tí ó wọn kílò 50, ewúrẹ́ mẹ́ta kò sì lè ṣe é. Ẹ má fọ́n díẹ̀ tí ẹ ní ká gbogbo oko; ẹ̀kúnwọ́ méjì-méjì sínú ihò àgbàdo kọ̀ọ̀kan ní apá kan ṣoṣo ni ó dára. Ẹ lè wá ìgbẹ́ adìyẹ kún un, nítorí oko adìyẹ pọ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ó jẹrà nínú òkìtì kí ó tó kan irúgbìn, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó o. Ẹ má sì ka ajílẹ̀ òyìnbó sí ọ̀tá. Ní ọdún 2006, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pinnu ní Àbújá pé kí èyí tí àgbẹ̀ ń lò gòkè láti kílò 8 dé 50 lórí hẹ́kítà kan. Díẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó ti ní ajílẹ̀ ìgbẹ́ ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ó pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ, nítorí ilẹ̀ náà yóò dì í mú, òjò kò sì ní tètè fọ̀ ọ́ lọ.

Kí ẹ tó tún gbìn ní ọdún kejì, ẹ kọ iye àpò àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà tí apá kọ̀ọ̀kan mú wá sínú ìwé, pẹ̀lú iye ọmọ ewúrẹ́ tí ẹ tà. Bí ewé orí igi kò bá tó wọn jẹ títí dé òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ta òbúkọ kéékèèké kí oṣù kìíní tó wọlé, kí ẹ má sì fi abo kan kún un títí igi tí ẹ bá tún gbìn yóò fi tó gé.