Omi Ilé Mi, Ọ̀nà Ibo Ló Ń Gbà?

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi náà ò gbà fún un rárá. Nígbà tí mo kọ́lé sí Ìbàdàn, mo ní kí bíríkìlà da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sẹ́nu géètì. Òjò á dá, ilẹ̀ wa á ti gbẹ.

Ìyá tó ń ta èlùbọ́ nísàlẹ̀ àdúgbò ló là mí lójú. Ó na àpò tó ti rin sí mi: "Ọmọ mi, omi ilé yín ń bá wa jẹun o." Mo tẹ̀ lé gọ́tà láti géètì mi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ́ìlì mẹkáníìkì, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ sí odò Ògùnpa. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ Omíyalé, ìgbà tí odò náà kún ya wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ní Ìbàdàn?

Mo wọn òrùlé mi: mítà 10 ní gígùn, 8 ní ìbú. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, lítà omi kan ni. Tí òjò bá wá rọ̀ tó mìlímítà 25, lítà 2000 ló ń ti orí pánù mi nìkan bọ́ sílẹ̀!

Mo so gọ́tà mọ́ etí òrùlé, mo darí rẹ̀ sínú táǹkì lítà 1000. Òjò àkọ́rọ̀ ni mi ò gbe, torí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ alángbá. Èyí tí táǹkì ò bá gbà mọ́ ni mo gbẹ́ kòtò fún, kó lè wọlẹ̀. Àṣìṣe mi rè é: orí amọ̀ ni mo gbẹ́ ti àkọ́kọ́ sí. Mo da garawa omi méjì sí i láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́ ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀fọn ti ń fò lórí rẹ̀. Mo dí i. Mo gbẹ́ òmíràn nídìí ìbẹ́pẹ, níbi tí ilẹ̀ ti ní yanrìn, tó jìnnà sí ògiri àti kànga. Kí n tó fọ ojú tán, omi tí mo dà sí i ti wọlẹ̀. Mo wá kó òkúta kún un.

Kọnkéré ẹ̀gbẹ́ géètì ló le jù. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dígà fọ́ ọ kí n tó gbin koríko síbẹ̀, ìyàwó mi sì ń bi mí bóyá orí mi pé.

Bí òjò bá le, omi ṣì ń jáde, ṣùgbọ́n kì í bo sálúbàtà mi mọ́. Aládùúgbò mi ọ̀tún ló kù. Àná ni wọ́n já sìmẹ́ńtì sí iwájú ilé rẹ̀.