Bí A Ṣe Lè Fi Awọ Ọṣẹ Wo Iṣẹ́ Tí Ìró Ń Ṣe Lára Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé, bí ìró bá yí àwọ̀ tí ó ń ta padà láti ara nǹkan kan, ìmọ́lẹ̀ gan-an ni ìró náà ń mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé ni ìró ń mì, ìmọ́lẹ̀ kàn ń ròyìn ohun tí ó bá níbẹ̀ ni. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tí ó rọrùn jù láti fi ojú rí èyí ni awọ ọṣẹ, tí a lè ṣe nínú yàrá kan ní Kubwa, l'Abuja, láìra ẹ̀rọ kankan.

Ìpele mẹ́ta ni awọ ọṣẹ ní: omi wà láàárín, ọṣẹ sì bò ó lókè àti nísàlẹ̀, bí àkàrà tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé e, díẹ̀ á ta padà láti ojú òkè, díẹ̀ mìíràn á wọlé, á sì ta padà láti ojú ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì á wá pàdé bí ẹni méjì tí ń ti mọ́tò tó kú: bí wọ́n bá jọ tì í síbì kan náà, àwọ̀ náà á tàn, bí ọ̀kan bá ń tì í síwájú tí èkejì ń tì í sẹ́yìn, àwọ̀ náà á pòórá. Bí awọ náà ṣe nípọn tó ló ń pinnu àwọ̀ tí yóò kù. Èyí tí ó nípọn tó nǹkan bíi 100 nanomítà (mílíọ̀nù kan nanomítà ló wà nínú mílímítà kan) máa ń funfun bíi fàdákà, èyí tí kò tó 30 á dúdú, àwọn àwọ̀ aláràbarà sì wà lára èyí tí ó nípọn jù wọ́n lọ.

Ẹ po ife omi kan mọ́ ṣíbí ọbẹ̀ méjì ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, kí ẹ sì fi ṣíbí kan gílísáríìnì sí i. Ẹ rò ó jẹ́jẹ́ kí ó má baà hó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní Abuja, ẹ má fojú kéré gílísáríìnì yìí nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń la ètè wa náà ló ń fa omi inú awọ ọṣẹ gbẹ, gílísáríìnì tí a sì fi ń pa ara ni yóò dá omi náà dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá páìpù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Dei-Dei, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Ẹ gbé ẹnu kan sókè, kí èkejì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí sípíkà, kí àlàfo ìka kan sì wà láàárín wọn. Agolo mílíìkì ni mo kọ́kọ́ lò, mo gbé e ka orí sípíkà, omi ọṣẹ sì kán sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni sípíkà yẹn ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ẹ ti ẹnu òkè bọ omi ọṣẹ, kí ẹ sì gbé e jáde pẹ̀lú awọ lórí.

Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ojú kọ̀ọ̀kan awọ náà kì í ta ju nǹkan bíi ìdá 2 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, nítorí náà inú páìpù gbọ́dọ̀ dúdú. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ gbé páálí funfun sókè, kí ẹ sì wo òjìji páálí náà lójú awọ. Ẹ má ṣe lo tọ́ọ̀ṣì lésà. Ó lè ba ojú jẹ́.

Ẹ wá fi áàpù orí fóònù mú ìró kan ṣoṣo jáde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 100 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 600. Níbi púpọ̀, kò ní sí nǹkan kan. Lójijì, níbi tí ìró bá ti bá awọ náà lára mu, àwọn àwọ̀ á máa yí bí ìjì kéékèèké, méjì méjì. Omi inú awọ ni ìró tì kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, ibi tí ó fẹ́lẹ́ sì gba àwọ̀ ọ̀tọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ṣiṣẹ́, ẹ dúró kí ó dákẹ́, nítorí òun náà ń mi ilẹ̀.

Ẹ gbé sípíkà kúrò, kí ẹ fi ẹnu yín pe “bà, ba, bá” sínú páìpù, kí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í gbọ̀n yára tó ohùn òkè, nítorí náà ohun tí ẹ óò rí á yàtọ̀. Sedley Taylor ṣe irú nǹkan yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1878, ṣùgbọ́n èdè tirẹ̀ kò ní àmì ohùn, ó sì dà bíi pé àwa la jàǹfààní rẹ̀ jù.

Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n máa ń lo ìró láti darí ìmọ́lẹ̀ nínú kírísítálì, ohun líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, wọ́n sì ń fi ìró tí ń gbọ̀n ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sínú rẹ̀. Ìró náà á fún ibì kan pọ̀, á sì tú ibòmíràn sílẹ̀, títí inú kírísítálì á fi di ìpele lórí ìpele tí ń ta ìmọ́lẹ̀ padà. Léon Brillouin, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ti sọ ọ́ ní 1922 pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ní 1932, wọ́n rí i nínú ohun olómi ní Amẹ́ríkà àti ní Faransé. Bí wọ́n bá yí iye Hz padà, ìmọ́lẹ̀ á gba ibòmíràn lọ. Bí wọ́n bá pa ìró náà, àwọn ìpele á parẹ́, kírísítálì á sì mọ́ gaara bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.