Fóònù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́rẹ́ Wúlù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń hun fìlà àti súẹ́tà ọmọ, Ravelry, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó kún fún bátánì (ìlànà bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan), ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Láti 2007 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹ yan bí wúlù tẹ́ ẹ rà l'Ọ́jà Ọba ṣe nípọn tó àti bó ṣe gùn tó. Bátánì tí wúlù yín máa ká nìkan ló máa yọ. Èmi ò wo gígùn nígbà kan: ọwọ́ òsì súẹ́tà ló kù tí wúlù fi tán!

Bí bátánì bá ní abẹ́rẹ́ US 8 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe abẹ́rẹ́ l'Amẹ́ríkà), mílímítà 5 nìyẹn.

Lórí YouTube, ẹ dín ìyára fídíò kù sí 0.5, kẹ́ ẹ máa wo àtàǹpàkò olùkọ́. Ní ti kíka iye ìlà tẹ́ ẹ ti hun, bírò àti ìwé tẹ́ mi lọ́rùn ju áàpù lọ. Bátìrì wọn kì í kú.